Ohun Tí Àṣìṣe Náà Ń Wí

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ní Tartu.
Yìnyín ń já bọ́ sórí odò Emajõgi bí ìyẹ̀fun.
Mo jókòó lókè ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́,
bàtà mi ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru,
mo ń ka àkọsílẹ̀ àná.

Ẹnì kan wà ní Kärdla, lórí erékùṣù.
Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi bò ó.
Oògùn ọkàn ló ń béèrè.
Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ló tẹ bọ́tìnì kan náà
láàárín wákàtí méjì,
ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni ètò wa dá a lóhùn pé:
“Nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbìyànjú.”

Nǹkan wo?
Ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì?
Èmi ni. Mo kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
lọ́jọ́ Ẹtì kan, tí mo ń sáré
kí bọ́ọ̀sì Võru má baà fi mí sílẹ̀.

Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí,
tó bá dénú rẹ̀, á di odindi.
Kọ̀ǹpútà kì í ṣọmọlúàbí.
Odindi lo máa sọ fún un,
tó bá dénú rẹ̀, á di òfo,
bí o kò bá gbẹ́ àpótí tó bá ẹrù mu.

Sáfà àwọn olóògùn ò kúkú dákẹ́.
Ó di ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí àrokò,
ó fi àkámọ́ dì í níwájú, ó fi àkámọ́ dì í lẹ́yìn,
ó fi ránṣẹ́ láti Tallinn.
Ṣùgbọ́n igba ló kọ sójú àpò,
igba, tí í ṣe “àlàáfíà ni.”
Ẹ̀rín lóde, ẹkún nínú.
Ètò wa rí igba, ó yọ̀,
ó ń fọwọ́ wá oògùn kiri:
orúkọ rẹ̀, òfo; iye rẹ̀, òfo.
Kò wo ìdí àpò, níbi tí àṣìṣe jókòó sí,
tó káwọ́ lérí bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé.

Tarvo da kéfírì sínú ife, ó yọjú lẹ́yìn mi.
“Irínwó ló yẹ kí wọ́n kọ. Àwọn ló jẹ̀bi.”
Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ò wo ọkàn sàn.

Ọ̀rọ̀ sùnùkùn, ojú sùnùkùn là á fi wò ó.
Mo gbẹ́ àpótí tuntun fún àṣìṣe nìkan:
àyè fún àmì rẹ̀, àyè fún ọ̀rọ̀ rẹ̀,
àyè fún àlàyé, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ ogún,
torí nígbà mìíràn wọ́n á wọ́ wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
nígbà mìíràn ọ̀kan á dá wá, bí ẹni tó ṣìnà.
Mo ní kí ètò yẹ ìdí àpò wò kó tó wá oògùn.
Ó kọ̀. Lẹ́tà ńlá kan ni mo fi kékeré kọ.
Mo tún un ṣe. Mo jẹ búrẹ́dì dúdú. Mo tún un ṣe.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, mo ju àpò àná sí i.
Àrokò tú.
Gbólóhùn kan dúró lójú ẹ̀rọ:
“Ìwé oògùn yìí ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Kí dókítà tún buwọ́ lù ú.”

Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.
Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni wọ́n sọ ọ́ fún wa,
ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún la sọ ọ́ di “nǹkan.”

A gbé e jáde lóru.
Láàárọ̀, aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá,
nọ́ńbà Kärdla tún tẹ bọ́tìnì.
Ó dúró ti gbólóhùn náà
fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì,
ó sì pa ojú ewé dé.

Kò padà wá.
Bóyá ó ń pe dókítà. Bóyá ó ń wá awò ojú rẹ̀.
Tarvo ní iṣẹ́ ti parí, ó wọ bàtà.
Mo ṣì jókòó ti àkọsílẹ̀ tó dákẹ́.
Ohunkóhun tó bá ní àkámọ́, mo lè tú u.
Èyí ò ní.